Ẹ̀sọ̀ Ẹni Tó Ń Sáré

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí awakọ̀ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù láti Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé, àgbà kan á sọ ọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ohun tó sì ń wí ni pé kó rọra. Mi ò gbà pé òwe náà parí síbẹ̀. Ẹni tó ń rọra lọ lè má mọ ẹ̀sọ̀ rárá. Ẹni tó ń sáré ló nílò rẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká wo Côte d'Ivoire, tí àwọn ará Èjìgbò fi ṣe ilé. Láti 1969 ni wọ́n ti ń sá eré ìje ọkọ̀ kan níbẹ̀, lójú ọ̀nà tí aráàlú ń rìn: eruku pupa, kòtò, ọkọ̀ agbégẹdú tó lè yọ ní kọ́nà nígbàkúgbà. Ní 1972, kò sí ọkọ̀ kankan tó parí eré náà.

Ní 1983, Toyota Celica tuntun kan dé síbẹ̀, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì láti Japan. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Ti Audi Quattro, ọkọ̀ tó ń bá a díje, ń yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Yúróòpù, Audi ń fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Ní Côte d'Ivoire, awakọ̀ Björn Waldegård fi Celica ṣe ipò kìíní, Hannu Mikkola tó wa Audi sì ṣe ìkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gba adé àgbáyé lọ́dún náà. Celica yìí tún borí níbẹ̀ ní 1985 àti 1986, ó sì borí nínú eré ìje Safari ti Kenya ní 1984, 1985 àti 1986. Ìgbà mẹ́fà ló borí nínú ìdíje àgbáyé, Áfíríkà sì ni gbogbo rẹ̀.

Ove Andersson ló ń darí ẹgbẹ́ Toyota nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ti fi Peugeot 504 borí nínú Safari ní 1975. (Ẹni tó bá rántí bí 504 ṣe ń kó èrò àti iṣu bọ̀ láti Òmùò kò ní bi mí bóyá ọkọ̀ yẹn mọ ọ̀nà burúkú.) Àwọn ènìyàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà, wọ́n á kọ ibi tí kòtò wà sílẹ̀ kí ẹni tó jókòó ti awakọ̀ lè kà á sí i létí. Waldegård sì mọ ibi tó yẹ kó ti yọ ẹsẹ̀, kí ọkọ̀ má baà bàjẹ́ sọ́nà.

Òwe náà kò bú agbára. Toyota padà ṣe Celica tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Carlos Sainz sì fi í gba adé àgbáyé ní 1990.