Ọ̀pá Elékòó ní Lọ́ńdọ̀nù

Láàrin àwa Yorùbá, ẹni tí ó di olórí ẹbí tàbí ọba ìlú kì í ṣe olówó ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. A fi í ṣọ́ ọ ni. Ibi tí ọ̀ràn ti ń ta kókó ni ìgbà tí olùṣọ́ náà kò bá sí níbi tí a ti ń wá a. Ta ni yóò dúró fún un? Bí aṣojú náà bá sì sọ̀rọ̀ ju ohun tí a rán an lọ, ọrùn ta ni ọ̀rọ̀ náà yóò wà?

Ọ̀nà méjì ni ó hàn gbangba nínú ìṣe àwọn baba wa. Èkíní ni adelé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọmọbìnrin ọba ni í jókòó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọba bá wàjà, títí a ó fi fi òmíràn jẹ. Èkejì ni ọ̀pá àṣẹ. Ọba kì í rìn kiri, nítorí náà ọ̀pá rẹ̀ ni í rìn. Ibi tí ọ̀pá bá dé, ọba dé ibẹ̀. Ilé ni adelé wà, ojú gbogbo ìlú sì tó o. Ọ̀pá ni í lọ sí òkèèrè, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, tí ó wà lábẹ́ àbójútó Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwá ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun. Ẹjọ́ dé lórí iye owó tí ó tọ́ kí ìjọba san. Olóyè náà kò rán ẹnikẹ́ni lọ bá ẹjọ́ yìí: òun tìkára rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní oṣù keje 1921, Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Àgbà ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì, láti ẹnu Viscount Haldane, dá a láre pé gbogbo àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà ni ó ni ín ní tòótọ́, àti pé olóyè ń di í mú fún wọn ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kejì wà lọ́wọ́ Macaulay. Ọba Èṣùgbàyí Elékòó kò lọ, ó fi ọ̀pá rẹ̀ rán an. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ jáde pé ẹni tí ó ni ọ̀pá náà ni olórí mílíọ̀nù 17 ènìyàn Nàìjíríà. Inú bí ìjọba Sir Hugh Clifford. Wọ́n ní kí ọba rán akéde kí ó lu agogo yí ìlú ká, kí ó sẹ́ Macaulay. Ọba kọ̀. Kí 1920 tó parí, ìjọba ti kéde pé àwọn kò kà á sí ọba mọ́, wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró.

Àwọn kan yóò ní orí kunkun ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òwe wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó fi ọ̀pá léni lọ́wọ́ ti fún ni láyè láti lo ọgbọ́n orí. Bí ọba bá fi agogo sẹ́ ẹni tí ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ta ni yóò tún wólẹ̀ fún ọ̀pá náà lọ́la? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá mọ èyí. Òfin wọn àtijọ́ ni pé olùṣọ́ ohun ìní gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ogun 1914 dẹ òfin náà díẹ̀ fún àwọn tí ó lọ sójú ogun. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1925 sì gbà pé ẹni tí yóò kúrò ní ilẹ̀ wọn ju oṣù kan lọ lè fi ìwé àṣẹ gbé iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí aṣojú náà bá ṣe, ọrùn ẹni tí ó rán an ni yóò wà, bí ẹni pé òun ni ó ṣe é.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925 yẹn kan náà ni ìjọba yọ Èṣùgbàyí lóyè, tí wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Kò sí adelé fún un. Ìbíkúnlé Akítóyè ni wọ́n fi jẹ, lẹ́yìn rẹ̀ Sànúsí Olúsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹjọ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1928 àti 1931. Nígbà tí ó padà wọ Èkó ní 1931, Olúsì kó jáde ní Ìgà Ìdúngànràn fún un, ọba sì lo ọdún kan ó lé díẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó wàjà ní 1932.