Gbólóhùn Kání Láàárín Gírámà Gẹ̀ẹ́sì àti Èdè Yorùbá: Ìtàn Ìkọ́ni Kan ní Agbègbè Akoka

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní 1962, tí ó sì fìdí kalẹ̀ sí Akoka, ẹ̀kọ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àlejò ní agbègbè náà mọ́. CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ti kó wá sí Bàrígà, nítòsí ibẹ̀, ní 1959. Ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí, T. B. Macaulay, ni ó fẹ́ ọmọ Àjàyí Crowther, ẹni tí ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843 àti ìwé gírámà rẹ̀ ní 1852. Inú ẹbí kan náà ni gírámà èdè méjèèjì ti pàdé. Ṣùgbọ́n ìpàdé náà kò di ìfikùnlukùn nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Gbólóhùn kání jẹ́ ẹ̀rí gbòógì.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, "if" kan náà ni ó sábà máa ń ṣíwájú. Ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀. "If I have money, I will buy a book" sọ ohun tí ó ṣeé ṣe. "If I had money, I would buy a book" kò sọ̀rọ̀ nípa àná rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ àná ni "had" gbé wọ̀: owó ni kò sí lọ́wọ́ báyìí. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àná ní tòótọ́, "had had" àti "would have bought" ni yóò jáde.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa ìrísí dà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wúnrẹ̀n ń pa ààlà kan náà. "Bí mo bá lówó, n ó ra ìwé" dúró fún ohun tí ó ṣeé ṣe. "Ká ní mo lówó ni, ǹ bá ra ìwé" dúró fún ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkejì yìí lè jẹ́ ti òní tàbí ti àná. Àyíká ọ̀rọ̀ ni yóò fi í hàn, tàbí kí "ti" wọlé: "ǹ bá ti ra ìwé". Nítorí náà, ọmọ Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ìtumọ̀. Ohun tí ó ṣàjèjì sí i ni àmì àná tí kò tọ́ka sí àná. Olùkọ́ tí ó bá fi "bí" nìkan túmọ̀ "if" ti pa ààlà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá láti ilé rẹ́.

Òfin ìjọba kò ran ìfikùnlukùn náà lọ́wọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 fi owó ìrànwọ́ ti kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn, kò sì ka Yorùbá mọ́ ọn. Ìyípadà pẹ́ kí ó tó dé. Ìwé gírámà Ayọ̀ Bámgbóṣé (1966) àti ti Ọládélé Awóbùlúyì (1978) ṣe àpèjúwe Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ètò tí ó dá dúró. Ní Ilé-Ifẹ̀, ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa darí láti 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àwọn iṣẹ́ yòókù, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àbájáde rẹ̀ kò fi hàn pé Yorùbá dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́.

Ìtàn yìí tako èrò pé àìmọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá sí ìdí gbólóhùn kání. Ìmọ̀ ni ó ń gbé bọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Láti "ká ní" àti "ǹ bá" ni ọ̀nà ti yá jù lọ dé "had" àti "would".