Òfin Tí Ó Pẹ́ Ju Àwọn Tí Ó Ṣe É Lọ: Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti Ìlera Àwọn Ìyá Wa

Bí obìnrin bá bímọ láàrin wa, yálà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, «Ẹ kú ewu ọmọ» ni a fi ń kí i. Àwọn baba ńlá wa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni ikú àti ìyè ti ń pàdé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi àṣà ṣe ọgbà yí ìyá ká: ọmọ a máa mu ọmú fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ọkọ kì í sì í sún mọ́ aya rẹ̀ títí a ó fi já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, kí oyún mìíràn má baà tètè dé. Ètò ìlera ni èyí jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilé ìgbìmọ̀ kankan tí ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Lónìí, púpọ̀ nínú ètò ìlera wa ni ó wà nínú ìwé òfin, àwọn aṣòfin ni wọ́n sì ń dìbò fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ilé ìwòsàn àti dókítà nìkan ni ọ̀rọ̀ ìlera kàn. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ tọ ipasẹ̀ òfin kan láti ọdún 1920 títí di ìsinsìnyí, kí a lè rí i pé ilé aṣòfin a máa darí ìlera ìlú nípa ohun tí ó dìbò fún, a sì tún máa darí rẹ̀ nípa ohun tí ó fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn.

Ìlú Paris ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ti pa nǹkan bí 1 400 000 ọmọ ogun Faransé. Ẹ̀rù ń ba àwọn aṣòfin ilẹ̀ náà pé ènìyàn kò ní pọ̀ tó mọ́ ní orílẹ̀-èdè wọn. Nítorí náà, ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1920, wọ́n ṣe òfin kan tí ó fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá gba obìnrin níyànjú láti ṣẹ́ oyún. Òfin náà kò mọ síbẹ̀. Ó tún ka ìpolówó ohun tí a fi ń dènà oyún sí ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títa á àti pípín in kiri.

Nígbà tí ó yá, wọ́n mú òfin yìí kọjá òkun wá sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àkóso lé lórí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Dahomey sì wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ogun tí a kò dá sílẹ̀ ni ó bí òfin náà. Àìpọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó sì wá wò. Ní ọdún 1920, kò sí ọmọ Dahomey kan tí ó jókòó ní ilé aṣòfin Paris. Nínú gbogbo àwọn ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Senegal nìkan ni ó ní aṣojú níbẹ̀, Blaise Diagne. Oṣù kẹwàá ọdún 1945 ni àwọn olùdìbò Dahomey àti Togo tó yan aṣojú ti ara wọn, tí Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, fi wọ ilé náà.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, Dahomey gba òmìnira. Àsíá yí padà, orin orílẹ̀-èdè yí padà, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1920 kò kúrò níbi tí ó wà. Bí orílẹ̀-èdè tuntun kò bá pa òfin àtijọ́ rẹ́, òfin náà ni yóò máa tẹ̀lé. Ohun tí ó wá ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ ti kúrò nídìí òfin yìí kí àwa tó kúrò níbẹ̀. Lucien Neuwirth, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ibẹ̀, ni ó gbé àbá kalẹ̀ tí ó di òfin ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 1967, èyí tí ó fún àwọn obìnrin Faransé láyè láti lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àwọn tí ó fún wa ní òfin náà ti bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀, ọrùn tiwa ni ó ṣì wà.

Kí ló fà á? Ní tiwa, a rò pé ilé ìgbìmọ̀ tí kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kò lè tún òfin ilé ṣe. Láàrin ọdún 1963 àti ọdún 1972, léraléra ni àwọn ológun ń gba ìjọba, tí wọ́n sì ń tú ilé aṣòfin ká. Lẹ́yìn ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, ọdún púpọ̀ kọjá tí kò sí ilé aṣòfin kankan. Ní gbogbo àkókò yìí, ìgbésí ayé ń lọ lójú òfin. Ọdún 1972 gan-an ni a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí, èyí tí à ń pè ní ABPF lónìí. Iṣẹ́ ni ẹgbẹ́ náà ń ṣe, ìjọba sì mọ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé, òfin ọdún 1920 ṣì lè mú ẹni tí ó bá ń polówó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Agbẹ̀bí tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú òfin yìí, ojú àánú ìjọba ni ó ń wò. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ ni ó gbé e ró.

Àpérò Orílẹ̀-Èdè ti oṣù kejì ọdún 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza darí ní Kútọnu, ni ó ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Ìwé òfin àgbà ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ nínú abala 8 rẹ̀ pé ìjọba gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ ní àǹfààní ọgbọọgba sí ìlera. Ó sì dá ilé aṣòfin padà, ó gbé iṣẹ́ méjì lé e lọ́wọ́: láti ṣòfin, àti láti máa ṣọ́ ohun tí ìjọba ń ṣe.

Síbẹ̀, ó tó ọdún méjìlá kí ọ̀rọ̀ náà tó kan àwọn ìyá. Ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2003, ni òfin méjì jáde. Èyí àkọ́kọ́, òfin 2003-03, fi òpin sí dídábẹ́ fún ọmọbìnrin, àṣà tí kò yọ àwọn ìlú wa kan sílẹ̀. Olóòlà tí ó bá dábẹ́ fún obìnrin yóò ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta, yóò sì san owó ìtanràn 100 000 sí 2 000 000 sẹ́fà. Bí ọmọ náà kò bá tíì pé ọdún 18, ẹ̀wọ̀n náà di ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tí ó mọ̀, tí kò sì sọ fún agbófinró, òun náà ní ìjìyà tirẹ̀. Èyí kejì, òfin 2003-04, sọ pé ẹ̀tọ́ olúkúlùkù tọkọtaya ni láti pinnu iye ọmọ tí wọn yóò bí àti bí àlàfo àárín wọn yóò ti rí. Òfin yìí ni ó pa ti ọdún 1920 rẹ́. Láti ọdún 1967 tí Faransé ti yí tirẹ̀ padà, ọdún 35 àti díẹ̀ ni àwa fi gbé e kiri.

Ṣé òfin wá tó? Kò tó. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí kíyè sí abala 107 nínú ìwé òfin àgbà ti ọdún 1990: aṣòfin kò lè dá àbá tí yóò náwó ìlú láìjẹ́ pé ó fi ibi tí owó náà yóò ti wá hàn. Nítorí èyí, ó rọrùn fún ilé aṣòfin láti kéde ẹ̀tọ́ tàbí láti ka ìwà kan léèwọ̀ ju kí ó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí lọ. Ẹ wo iṣẹ́ abẹ ìbímọ. Àṣẹ ìjọba ti oṣù kejìlá ọdún 2008 ni ó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, kì í ṣe òfin ilé ìgbìmọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2009, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san 100 000 sẹ́fà fún ilé ìwòsàn lórí obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n inú ìṣúná ọdọọdún ni irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ìbò àwọn aṣòfin ni ó sì ń fi àṣẹ sí ìṣúná. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí aṣòfin rẹ̀ ń ṣe fún ìlera, kí ó wo ìjókòó ìṣúná tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí ní ọdún 2003. Òfin ọdún náà fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ kìkì bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu, bí oyún bá ti ipá tàbí ìbálòpọ̀ láàrin ẹbí wá, tàbí bí àìsàn ńlá bá wà lára ọlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, àwọn aṣòfin fẹ àyè náà. Òfin 2021-12 gbà á fún obìnrin tí oyún lè kó sínú ìnira ti owó, ti ẹ̀kọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti ọkàn, kí oyún náà má sì ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Mínísítà ìlera, Benjamin Hounkpatin, sọ pé nǹkan bí 200 obìnrin ni ó ń kú lọ́dọọdún nítorí ewu oyún ṣíṣẹ́. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tako òfin náà, wọ́n ní ẹ̀mí ọmọ inú kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wa pàápàá, èrò kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀, a kò sì fẹ́ fi àròkọ yìí dá ẹjọ́ náà. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí ni pé àríyànjiyàn yìí wáyé ní Àjàṣẹ́, láàrin àwọn tí a dìbò yàn, lójú gbogbo ìlú. Ti ọdún 1920 kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilé aṣòfin ni àgbà ọjà lóde òní. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò gbọ́ ẹkún ọmọ kò lè tọ́ orí rẹ̀. Níhìn-ín ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ bíi tiwa wà. Èdè Faransé ni a fi ń kọ gbogbo òfin tí a dárúkọ wọ̀nyí. Ìyá tí ń gbé omi lórí ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu kò lè béèrè ẹ̀tọ́ tí kò gbọ́ ní èdè rẹ̀. Ìyá àgbà tí ń mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olóòlà kò sì lè bẹ̀rù òfin tí ẹnikẹ́ni kò kà sí i létí. A rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ mú òfin 2003-03 àti 2003-04, kí ẹ túmọ̀ wọn sí Yorùbá tí ó yé ará ilé, kí ẹ sì kà wọ́n ní ìpàdé àwọn obìnrin. Bí aṣòfin bá sì wá tọrọ ìbò, kí ìyá náà lè bi í pé: kí ni ìwọ dìbò fún nítorí wa, kí sì ni o fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn?