Ìṣẹ́jú Márùn-ún ní Lálúpọn

Aago méje àárọ̀ Sátidé kan, sáà ìdíje 2022 sí 2023. Iná ò sí. Ní Lálúpọn, ìjọba ìbílẹ̀ Lagelu, ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì kan ti péjọ sí kíláàsì. FIRST LEGO League Challenge, ìdíje àwọn ọmọ ọdún 9 sí 16, ni wọ́n ń múra fún. Agbára iná ni àkòrí ọdún náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ládùúgbò ni àwọn ọmọ mú fún iṣẹ́ ìwádìí wọn: ṣé oòrùn lè rọ́pò pẹtiróòlù?

Aago mẹ́jọ, ìdánrawò bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìlànà tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ wọn ti gbó létí. Kòrónà ò tíì dé nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí ní yàrá ìgbéyẹ̀wò tirẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì ní tirẹ̀, ìwà ẹgbẹ́ ní tirẹ̀.

Ó kọjá aago mẹ́wàá kí dátà tó gbé ìlànà tuntun wọlé sórí fóònù. Láti sáà 2020 ni wọ́n ti pa yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún gbogbo rẹ̀, márùn-ún fún àlàyé ìwádìí.

“Àǹtí, márùn-ún péré?”

Wọ́n ka ọ̀rọ̀ wọn sí aago. Kíkí nìkan, látorí baálẹ̀ dé alága káńsù, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìṣẹ́jú méjì. (Ọmọ Yorùbá kúkú ni wọ́n.) Ó di “Ẹ káàárọ̀ o.”

Ọ̀sán gangan, wọ́n sáré lọ sídìí ẹ̀rọ láti mọ bí agbada ẹ̀gẹ́ kan ṣe ń pẹ́ tó. Omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ wọn, èéfín gba ojú. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wò wọ́n títí: “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ló ń lé yín? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé epo ló ń kó èrè mi lọ.” Gbólóhùn yẹn ni wọ́n kọ̀ jálẹ̀ láti gé.

Méjì sí mẹ́rin, rọ́bọ́ọ̀tì. Ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ tí rọ́bọ́ọ̀tì fi ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì ìdíje ò yí padà ní tirẹ̀.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àlàyé parí kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ó dùn ju ti àárọ̀ lọ. Ìlànà tuntun ò burú. Kí ará oko máa gbọ́ ọ kẹ́yìn ló burú. Ẹ̀yin olùṣètò ìdíje, bí ẹ bá ti yí nǹkan padà, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwé, títí kan èyí tí kò ní dátà.