Aro Kan Ṣoṣo

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Ìpè àdúrà mọ́ṣáláṣí ló jí mi ní Galadimawa, ní Abuja. Iná wà, mo sì mọ̀ pé kò ní í pẹ́, ni mo bá tètè dìde. Ohun kan ni mo fẹ́ gbọ́ ní Sátidé yìí: aro. Ẹni tó bá ti ka Sáàmù 150 mọ̀ ọ́n, awo idẹ méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra. Sínfónì Kẹsàn-án tí Antonín Dvořák, ọmọ ilẹ̀ Czech, kọ ní New York ní 1893 gba nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni aro dún nínú rẹ̀. Apá kẹrin ló wà, kí ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ tó pé, wọn kì í sì í gbá a kíkankíkan. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ orin yìí. N kò gbọ́ aro kankan rí.

Aago mẹ́fà. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí Karel Ančerl àti ọkẹ́sítírà Czech Philharmonic ṣe ní Prague ní 1961 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní Auschwitz ni àwọn Násì ti pa ìyàwó àti ọmọ Ančerl, òun bọ́. Kò sí àṣehàn nínú bó ṣe ń darí orin. Ó ń lọ tààrà, kì í dúró sunkún níbi tí àwọn mìíràn ti ń sunkún, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. A ti wọ apá kẹta nígbà tí iná lọ.

Aago méje. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bẹ̀rẹ̀, irú kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour”. Ti ẹ̀yìnkùlé gbè é. Kò pẹ́, gbogbo òpópónà ti ń hó.

Aago mẹ́sàn-án. Mo ki íápíìsì bọ etí, mo gbé ti Rafael Kubelík àti Berlin Philharmonic sí i, ti 1972, mo fò lọ sí apá kẹrin. Kàkàkí òyìnbó wọlé bí ìgbà tí ọba fẹ́ jáde, mo gbọ́ ọ ketekete. Mo dẹ etí sílẹ̀ de aro. Dugu-dugu-dugu jẹnẹrétọ̀ nìkan. Nígbà tí kláríńẹ́ẹ̀tì wọlé, mo mọ̀ pé aro ti kọjá.

Aago mọ́kànlá. Mo lọ ra búrẹ́dì ní ráńdàbáòtù. Kọ̀ńdọ́ ń ké “Lugbe! Lugbe!”, obìnrin Gbagyi kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, èjìká ló gbé igi ìdáná lé, kì í ṣe orí.

Aago kan ọ̀sán. Mo ń gbọ́ apá kejì, èyí tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nígbà tí Màmá Ìbejì yọjú lójú fèrèsé.

“Bọ̀dá, hímù ìsìnkú wo lẹ gbé sí i yẹn?”

“Kì í ṣe hímù, Mà. Orin òyìnbó lásán ni.”

“Ẹ má tàn mí. Mo mọ̀ ọ́n.”

Màmá kò jẹ̀bi. Ní 1922, William Arms Fisher, akẹ́kọ̀ọ́ Dvořák, fi ọ̀rọ̀ sí ohùn náà, ó pè é ní “Goin' Home”, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé orin àwọn ẹrú ni látilẹ̀. Dvořák gbọ́ orin ẹrú lóòótọ́. Harry Burleigh, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé-ìwé orin tí Dvořák ń darí, ló máa ń kọ wọ́n fún un. Ẹnu bàbá ìyá rẹ̀, tó ti ṣe ẹrú rí, ló sì ti kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí gbé ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní 1905. Òun náà gbé ohùn ilé wọ inú ọkẹ́sítírà nínú African Suite, ní 1944. “Akinla”, apá tó kẹ́yìn rẹ̀, ni rédíò Kánádà fi ń ṣí ètò orin kan fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà kan rí. Ẹni tó bá ní rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Abuja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá yá a.

Aago mẹ́rin. Ọjọ́ ìbí ọmọ kan nísàlẹ̀ òpópónà, sípíkà mẹ́rin. Ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru. Epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ tó kẹ́yìn, bátìrì fóònù mi náà ti fẹ́ẹ̀ tán. Ančerl ni mo padà sí. Kàkàkí kọjá, fáólìn sáré kọjá, gbogbo wọn rọlẹ̀, ohùn fẹ́ẹ́ kan wá: ṣììì, bí ìgbà tí omi kán sórí agbada gbígbóná. Kláríńẹ́ẹ̀tì wọlé. Mo dá a padà, mo tún gbọ́. Bí mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, iná dé, ẹnìkan sì hó yèè lókè.