Bobby Benson, Onígìtá Ọmọ Ìkòròdú

Ìlù kò ní ṣàì dún ní ààfin ọba, orin kò sì ní ṣàì wà níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú àgbà. Síbẹ̀, ẹni tí ń fi orin jẹun ni àwọn ènìyàn ń pè ní alágbe. Ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí níhìn-ín, a mọ̀ pé ọmọ onílù ní í jogún ìlù, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ahunṣọ ti ń jogún òfì. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí a kò bí ní ilé onílù, ṣùgbọ́n tí ó sọ orin di iṣẹ́ àpọ́nlé.

Ní ọdún 1922 ni a bí Bernard Benson, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bobby, ní Ìkòròdú. Ilé ọlọ́lá ni ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, T.O.S. Benson, di amòfin àti mínísítà ìjọba àpapọ̀. Bobby kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó ja ẹ̀ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di atukọ̀ òkun. Ní ọdún 1944, nígbà ogun Hitler, ó sọ̀ kalẹ̀ ní London, ó wọ ẹgbẹ́ oníjó àwọn aláwọ̀ dúdú kan, ó sì bá wọn rìn dé àwọn ìlú ńlá Yúróòpù. Ní ìlú òyìnbó ni ó ti pàdé Cassandra, tí ó fi ṣe aya.

Ní ọdún 1947 ni àwọn méjèèjì dé Èkó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀. Ọkọ a máa ta gìtá, a máa fọn fèrè òyìnbó. Aya a máa jó. Bobby kì í dúró jẹ́ẹ́ lójú agbo: a máa pidán, a sì máa pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ ilẹ̀ wa. Orin ijó òyìnbó ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ní ìbẹ̀rẹ̀; ṣùgbọ́n nígbà tí E.T. Mensah ti Gold Coast mú háílàìfù wá, tí ará Èkó sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, Bobby náà yí ohùn padà. Orin rẹ̀ "Taxi Driver" tàn káàkiri. Ó sì ní ilé ijó Caban Bamboo lójú ọ̀nà Ìkòròdú, èyí tí ó di Hotel Bobby.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Victor Olaiya, tí ó dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní ọdún 1954, ti bá a ṣiṣẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Zeal Onyia, afunfèrè. Ní ọdún 1983 ni Bobby kú, ṣùgbọ́n orin kò kú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: orúkọ ilé rẹ̀ àti òkè òkun tí ó ti dé wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn tètè pọ́n ọn lé. Onílù tí ń fi gángan ki ọba ní ààfin Aṣẹ́yìn kò gba irú àpọ́nlé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tirẹ̀ kò kéré. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá rí ọmọ tí ìka rẹ̀ kò dákẹ́ lórí tábìlì, ẹ má ṣe yára mú pàṣán. Ẹ kọ́ ọ ní ìwé, ẹ má sì gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀.