Ta Ló Ni Àkùkọ Bàbá Àgbà?

Ní ọjà Ìníṣà, Bàbá àgbà dúró níwájú obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, wọn kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Àkùkọ kan wà lára ọ̀rá búrẹ́dì náà, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "èmi ni mo ya àkùkọ yìí."

Pẹ́ńtà ni wọ́n ní Ìkìrun kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Mọ́tò tó ń ná Ìníṣà àti Òkukù ni wọ́n ń kọ nǹkan sí lára. Ní 1977, ọdún FESTAC, ojú Ìdíà, ìyá Ọba Ẹ̀sìgíè ti Ìbíní, ni àwọn awakọ̀ ń fẹ́. Ẹni tó fi eyín erin gbẹ́ ojú náà ti kú láti nǹkan bí irinwó ọdún, kò sí ẹ̀tọ́ tó kù lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì àjọ̀dún náà tí Erhabor Emokpae yà láti inú rẹ̀, iṣẹ́ tuntun ni, ó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Bàbá àgbà kò mọ̀yẹn. Èwo ni wọ́n tilẹ̀ ń wò yà? Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé.

Ti àkùkọ yàtọ̀. Oníbúrẹ́dì kan ní Òkukù ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn, pé kí wọ́n yà á sára mọ́tò tó fi ń pín búrẹ́dì. Búrẹ́dì tí a rí ní Ìníṣà kì í ṣe tirẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ àdàkọ, máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́rẹ́ tí a bá ti ya àwòrán tán, a kì í forúkọ sílẹ̀ kí ó tó wà. Lónìí, ó ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ayàwòrán. Tréèdìmáàkì ní tirẹ̀ dà bí ilà ojú láyé àtijọ́: kì í sọ orúkọ olóòlà, ilé tí ọmọ ti wá ló ń sọ. Òfin 1965 fún ẹni tó bá forúkọ àmì ọjà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 7, lẹ́yìn náà ó lè máa sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún 14, 14, láìlópin. Bí oníbúrẹ́dì Òkukù bá forúkọ àkùkọ sílẹ̀ fún búrẹ́dì, oníbúrẹ́dì mìíràn kò gbọ́dọ̀ lò ó. Bí télọ̀ bá yà á sára ṣáínì rẹ̀ ńkọ́? Kọ́píráìtì ni yóò mú ìyẹn.

Ta wá ni kọ́píráìtì àkùkọ? Ọdún ló kù tí a ń wá. Òfin 1970 sọ pé ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán ló ni ín, àfi bí wọ́n bá jọ ṣe àdéhùn mìíràn. Òfin 1988 yí i padà: ayàwòrán ló ni ín, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ òmíràn. Àwọn olókòwò ni òfin àkọ́kọ́ ro tiwọn, lójú tèmi.

Ìwé rìsíìtì àtijọ́ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá àgbà. A tú u títí a fi rí i: àkùkọ kan, Òkukù, oṣù kẹta, 1986.

Wọ́n ní kí n tún ọdún náà kà. Mo tún un kà.

"Ọdún méjì péré," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Oníbúrẹ́dì náà ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń dáná búrẹ́dì ní Òkukù. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bàbá àgbà ká ọ̀rá Ìníṣà sápò, wọ́n ní kí n mú rìsíìtì náà dání, a sì wọ mọ́tò lọ bá wọn.